Aago oníwákàtí 12 àbí oníwákàtí 24: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó yan èyí tó wù yín

Bí ẹ bá yọjú wo fóònù àwọn èèyàn nínú ọkọ̀ èrò kan ṣoṣo, ẹ máa rí i pé aago wọn ò rí bákan náà. Ti ẹnì kan á máa fi 3:45 PM hàn, ti ẹni tó jókòó tì í á ní 15:45. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé aago ọlọ́wọ́ méjì ló gbé sójú fóònù tiẹ̀, bíi ti ara ògiri ilé bàbá rẹ̀. Àkókò kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ ohun tó wu ojú ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, oògùn aláìsàn, ìdánwò ọmọ tàbí aláàmù sààrì, téèyàn bá ṣi aago kà, ó lè náni lówó, ó sì lè ju owó lọ. Èyí ni àlàyé lórí ibi tí oríṣi aago méjèèjì ti wá, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dára sí, àti bí ẹ ṣe lè kọ àkókò sílẹ̀ tí kò fi ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ta ló pín ọjọ́ sí 12 àti 24?

Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ ló pín ojúmọ́ sí ọ̀nà 12, tí wọ́n sì pín òru náà sí 12. Òjìji oòrùn ni wọ́n fi ń mọ ti ojúmọ́, ìràwọ̀ ni wọ́n sì ń wò lóru. Ibẹ̀ ni wákàtí 24 inú ọjọ́ kan ti ṣẹ̀ wá. Ẹ ò rí i pé 12 àti 24 kì í ṣe ọ̀tá ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aago ńlá sára ilé ìjọsìn, kò sí ìlànà kan pàtó. Ní ìlú Florence lórílẹ̀-èdè Ítálì, aago kan wà nínú kàtídírà ìlú náà tí ayàwòrán Paolo Uccello kun ojú rẹ̀ lọ́dún 1443. Nọ́ńbà 24 ló wà lójú ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń yí sí apá òdìkejì ibi tí ọwọ́ aago tiwa ń yí sí. Títí dòní, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ aago olójú 12 ló padà gbajúmọ̀ káàkiri ayé, òun náà la sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé.

Ọkọ̀ ojú irin ló dá ọ̀rọ̀ 24 padà. Tí ọkọ̀ kan bá ń gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí òmíì tún ń gbéra ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí wọ́n sì kọ méjèèjì sínú ìwé kan náà, ìdàrúdàpọ̀ dé nìyẹn. Ọmọ Kánádà kan tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ojú irin, Sandford Fleming, wà lára àwọn tó polongo pé kí gbogbo ayé máa ka wákàtí dé 24. Lọ́dún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè pàdé ní Washington, wọ́n sì fẹnu kò pé ọjọ́ àjùmọ̀lò gbogbo ayé á máa bẹ̀rẹ̀ láti òru ní Greenwich, wọ́n á sì máa kà á láti òdo dé 24. Ọkọ̀ ojú irin Ítálì gba 24 lọ́dún 1893, ti Faransé gbà á lọ́dún 1912. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́dún 1918, ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e lọ́dún 1942. Ọdún 1964 ni ìwé ètò ìrìnnà ọkọ̀ ojú irin ìlú Ọba tó yí sí 24. Ìdí nìyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pe 24 ní aago àwọn sójà títí dòní.

Yorùbá ti ní AM àti PM tiẹ̀ tẹ́lẹ̀

Kí aago òyìnbó tó dé, orúkọ ti wà fún gbogbo apá ọjọ́: àfẹ̀mọ́júmọ́, ìdájí, àárọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́, alẹ́, òru àti ọ̀gànjọ́. Ìkíni wa gan-an aago ni. Ẹni tó bá kí yín pé "ẹ kú ìyálẹ̀ta" ti sọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún yín láìwo ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí aago wá dé, Yorùbá kò sọ orúkọ wọ̀nyí nù, ńṣe ló so wọ́n mọ́ nọ́ńbà. Títí dòní, a kì í béèrè pé aago mélòó ló "wà", "Aago mélòó ló lù?" là ń béèrè, bíi pé ẹnì kan ń lu agogo níbì kan. Èsì rẹ̀ á sì jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán tàbí aago mẹ́ta òru. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní ṣì í.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Èdè Látìnì ni AM àti PM ti wá: èkíní túmọ̀ sí "ṣáájú ọ̀sán gangan", èkejì túmọ̀ sí "lẹ́yìn ọ̀sán gangan". Ọ̀nà méjì péré ni wọ́n pín ọjọ́ sí. Yorùbá pín in sí márùn-ún ó kéré tán. Aago méjì òru àti aago mẹ́wàá àárọ̀ ò jọra lẹ́nu wa rárá, bẹ́ẹ̀ AM ni òyìnbó máa pe méjèèjì.

Kò túmọ̀ sí pé ẹnu gbogbo wa kò lórí ibi tí apá ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́rin, ọ̀sán ni lójú ẹlòmíì, ìrọ̀lẹ́ ni lójú ẹlòmíì. Aago méje, àwọn kan ń pè é ní ìrọ̀lẹ́, àwọn kan ní alẹ́ ni. Àríyànjiyàn yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ "aago mẹ́rin ọ̀sán" tó máa rò pé ìdájí ni.

Ibòmíì ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó ń sọ Swahili ń ka wákàtí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ohun tí àwa ń pè ní aago méje àárọ̀, wákàtí àkọ́kọ́ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Bákan náà ló rí ní Etiópíà. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, tí wọ́n bá ní "ààbọ̀ mẹ́ta", aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń sọ, torí pé wọ́n ti wà ní ìdajì ọ̀nà sí mẹ́ta. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé níbẹ̀ ní láti tún etí kọ́.

Kí ló dé táwọn èèyàn ò fi ń sọ "aago mẹ́tàdínlógún"?

Ẹni tí aago rẹ̀ ń fi 17:00 hàn ò jẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "jẹ́ ká pàdé ní aago mẹ́tàdínlógún". Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló máa sọ. Ojú rẹ̀ rí 17, ẹnu rẹ̀ sọ márùn-ún.

Nọ́ńbà Yorùbá dá kún un. Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ogún, yíyọ la fi ń kà: mẹ́tàdínlógún ni ogún tí wọ́n yọ mẹ́ta nínú ẹ̀. Ẹni tó bá wá fẹ́ mọ àkókò lórí aago 24 tún ní láti yọ 12 nínú ìyẹn. Ìṣírò lórí ìṣírò nìyẹn, fún ohun tí "márùn-ún ìrọ̀lẹ́" ti sọ tán. Torí náà, ohun tí a ń kọ, tí a sì ń fojú kà ni wákàtí 24 láàárín wa. Aago 12, pẹ̀lú orúkọ apá ọjọ́, la fi ń sọ̀rọ̀.

Wàhálà aago méjìlá

Ibi tí aago 12 ti ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni aago méjìlá fúnra rẹ̀. Ṣé ọ̀sán ni 12 PM ni àbí òru? Lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, 12:00 PM ni ọ̀sán gangan, 12:00 AM ni òru. Lẹ́yìn 11:59 AM, 12:00 PM ló kàn. Lẹ́yìn 12:59 PM, ó di 1:00 PM.

Ó ṣòro fún àwọn èèyàn torí pé ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ò gún régé. Ọ̀sán gangan kò ṣáájú ara rẹ̀, kò sì lè wà lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, fi ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má lo 12 a.m. àti 12 p.m. rárá. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀sán ni tàbí òru ni.

Òru tún ní wàhálà tiẹ̀. Ká sọ pé ìwé ìpolongo ìsọ́ òru kan sọ pé "Friday, 12 midnight". Ṣé òru Ọjọ́bọ̀ tí yóò mọ́ di Ẹtì ni, àbí òru Ẹtì tí yóò mọ́ di Àbámẹ́ta? Ìdajì ìjọ lè wá lọ́jọ́ kan, kí ìdajì tó kù wá lọ́jọ́ kejì. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ náà tún gba ibòmíì yọ, torí pé nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Òru Jímọ̀ lọ́dọ̀ wọn, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le: ẹ dárúkọ ọjọ́ méjèèjì. "Alẹ́ Ẹtì mọ́júmọ́ Àbámẹ́ta, aago 11 alẹ́ sí aago 4 ìdájí." Kò sẹ́ni tí ìyẹn máa rú lójú.

Ibi tí àṣìkà ti ń náni lówó

*Ọkọ̀ òfurufú.* Wákàtí 24 ni ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ń lò. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kan kọ "Ọjọ́ Ẹtì, 00:30". Èrò tó bá rò pé alẹ́ Ẹtì ni, tó gbé ẹrù dé pápákọ̀ òfurufú ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ náà, ti pẹ́ jù. Ó ti lé ní ogún wákàtí tí ọkọ̀ náà ti gbéra. 00:30 Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré lẹ́yìn tí Ọjọ́bọ̀ parí, torí náà alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó ti wà ní pápákọ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá rí 00 níwájú, ẹ tètè wo alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

*Oògùn.* Tí dókítà bá ní kí aláìsàn máa lo oògùn ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, ẹ lè fi í sí aago 6 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán àti aago 10 alẹ́. Tí ẹ bá wá ṣi 2 PM tẹ̀ sí 2 AM lórí aláàmù, wákàtí mẹ́rin péré ló máa wà láàárín oògùn alẹ́ àti tòru, mẹ́rin péré náà láàárín tòru àti tàárọ̀, lẹ́yìn náà aláìsàn á wá wà fún odidi wákàtí mẹ́rìndínlógún láìlo nǹkan kan. Lórí aago 24, 06:00, 14:00 àti 22:00 ni. 14 ò lè jọ òru.

*Aláàmù.* Nínú oṣù Ramadan, ẹni tó bá fi aláàmù sààrì sí 4:30 PM dípò 4:30 AM á sùn kọjá sààrì. Ọmọ tó ní ìdánwò láàárọ̀ ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ tètè jáde kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ náà ò bọ́. Àmì kékeré kan ṣoṣo ló fa gbogbo ẹ̀. Àwọn aago rédíò kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ṣóńṣó iná kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ pé PM ni. Bí iná bá lọ tó sì dé, aago náà á máa ṣẹ́jú lórí 12:00. Ẹni tó bá tún un tò láìwo ṣóńṣó iná yẹn lè yí òru sí ọ̀sán láìmọ̀.

*Rédíò ilẹ̀ òkèèrè.* Nọ́ńbà mẹ́rin pẹ̀lú GMT ni àwọn iléeṣẹ́ rédíò àgbáyé sábà máa ń fi kéde ètò wọn. Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú GMT. Ètò tí wọ́n bá ní ó máa bẹ̀rẹ̀ ní 18:00 GMT, aago méje alẹ́ ló máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Aago Nàìjíríà, aago àwọn ará ẹnu ibodè

Wákàtí kan yẹn náà ní ìtàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1905, ìjọba amúnisìn fi aago Èkó sí GMT. Lọ́dún 1908, wọ́n dá a padà sí ti oòrùn Èkó fúnra rẹ̀, tó fi ìṣẹ́jú mẹ́tàlá àti díẹ̀ ṣáájú GMT. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1914, ó di ààbọ̀ wákàtí. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 ló tó di odidi wákàtí kan, ibẹ̀ la sì wà títí dòní.

Orílẹ̀-èdè Benin náà fi wákàtí kan ṣáájú GMT, torí náà ẹni tó bá kọjá láti Ìdìrókò lọ sí Kétu tàbí Àjàṣẹ́ kò ní yí aago rẹ̀ padà. Ohun tó máa yí padà ni bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Èdè Faransé ni ìjọba ibẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, wákàtí 24 ni Faransé sì fi ń kọ̀wé, pẹ̀lú lẹ́tà "h" láàárín: aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán á di 15 h 30. Ọmọ Yorùbá lápá ibí àti ọmọ Yorùbá lápá ọ̀hún lè jọ sọ pé "aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán" kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Tó bá di kíkọ, ẹnì kan á kọ 3:30 PM, ẹnì kejì á kọ 15 h 30.

Tógò ni aago ti ń yí. GMT ni wọ́n ń lò níbẹ̀, torí náà ẹni tó bá ti Benin wọ Tógò lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Ifẹ̀ ní Atakpamé ní láti dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan.

Ti àwọn ẹbí tó wà nílùú Ọba tún yàtọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta dé Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago wọn àti tiwa máa ń ṣe déédéé. Nígbà òtútù, wákàtí kan ni tiwa fi ṣáájú. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìpàdé ẹbí lórí fóònù, ẹ sọ pé aago ìlú wo lẹ ń lò.

Aago ọlọ́wọ́ ńkọ́?

Àwọn èèyàn ṣì wà tí kò fẹ́ nọ́ńbà rárá. Aago ọlọ́wọ́ ní àǹfààní tiẹ̀: ojú ló fi ń sọ bí àkókò ṣe kù sí. Tí ọwọ́ gígùn bá ti fẹ́ kan òkè, ẹ ò nílò ìṣírò kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ti fẹ́ tó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń gbé e kọ́ sí yàrá ìdánwò. Àìdáa rẹ̀ ni pé kò sọ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Ojú fèrèsé lẹ máa yẹ̀ wò.

Nọ́ńbà ojú rẹ̀ pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú. Lórí ọ̀pọ̀ aago tó ń lo nọ́ńbà àwọn ará Róòmù, IIII ni wọ́n ń kọ fún mẹ́rin dípò IV. Àmọ́ aago ńlá Big Ben ní Lọ́ńdọ̀nù, IV ló wà lójú tiẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè yí ti fóònù yín padà

Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí System (General management ló ń jẹ́ lórí àwọn fóònù kan), ẹ tẹ Date and time, kí ẹ wá tan Use 24-hour format tàbí kí ẹ pa á. Lórí iPhone, Settings ni, lẹ́yìn náà General, Date & Time, kí ẹ wá tan 24-Hour Time.

Tí ẹ bá yàn án, ẹ rántí òfin kan ṣoṣo yìí: bó bá ti lé ní 12, ẹ yọ 12 kúrò. Àpẹẹrẹ díẹ̀ rèé:

- 00:00: aago méjìlá òru, ọjọ́ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀
- 00:30: aago méjìlá ààbọ̀ òru
- 04:30: aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí
- 12:00: aago méjìlá ọ̀sán
- 13:00: aago kan ọ̀sán
- 16:50: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá
- 19:00: aago méje alẹ́
- 22:00: aago mẹ́wàá alẹ́
- 23:59: ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago méjìlá òru lù

Èwo ló dáa jù?

Fún ojú ara yín, èyí tó bá wù yín ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn àti ẹni tó ń rìnrìn àjò déédéé máa gbádùn 24, torí kò fàyè gba àṣìṣe. Ẹni tí kò fẹ́ ìṣírò kankan lè dúró sórí 12, kó sáà máa wo AM àti PM dáadáa.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló máa ka ohun tí ẹ kọ, ì báà jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ẹgbẹ́ tàbí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn ìyá àgbà, nọ́ńbà nìkan ò tó. Ẹ fi àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, alẹ́ tàbí òru kún un, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kò gba àyè lórí ìwé, ẹni tí aago rẹ̀ jẹ́ 12 àti ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 24 yóò sì jọ dé lákòókò kan náà.